Kì Í Ṣe Owó Ni Yóò Jí Ètò Ìdíje Dìde

Tí wọ́n bá ti fẹ́ gbé ètò ìdíje àtijọ́ kan padà sórí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ yìí, ohun méjì ni wọ́n fi ń lu agogo rẹ̀: ẹ̀bùn ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, atọ́kùn tí ẹ fẹ́ràn sì ti padà dé. Àwọn oníwèé ìròyìn á gbé e, àwa náà á pàtẹ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀, ó ti di ohun tí gbogbo èèyàn gbà láìwádìí pé owó ńlá àti ojú àtijọ́ ni oògùn àjíǹde irú ètò bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tó ń pa ètò ìdíje, tó sì tún lè jí i, ni àwọn ìpinnu tí wọ́n ń ṣe níbi tí kámẹ́rà kò dé: ta ni a ó jẹ́ kó wọlé wá díje, ta ni yóò kọ ìbéèrè, èdè wo la ó fi bi í, ìkànnì wo la ó gbé e sí, ta ni yóò sì máa pàṣẹ láàárín onígbọ̀wọ́ àti olóòtú ètò. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í wọ inú ìpolówó, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè. Ó tó àkókò ká máa bi wọ́n.

Oṣù Ọkitóbà ọdún 2004 ni Who Wants to Be a Millionaire? dé Nàìjíríà, MTN lonígbọ̀wọ́, Frank Edoho latọ́kùn. Ẹni tó bá ń gbé Festac, ní Èkó, nígbà náà á rántí bí ó ṣe rí. Iná kì í sábà sí, nítorí náà ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ ló ń ní èrò. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan lẹ́bàá 2nd Avenue, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan sókè dígí. Bí Edoho bá ti ka ìbéèrè tán, kí olùdíje tó la ẹnu, ilé ti dàrú. Onígbàjámọ̀ á gbé ẹ̀rọ kúrò lórí oníbàárà, ẹni tí wọ́n fá lórí dé ìdajì á sì yíjú sẹ́yìn láti bá àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì jiyàn pé B ni, kì í ṣe D. Ìyá aláta kan wà tí àtẹ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Á pe ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n bi í?" Ọmọ náà á yára túmọ̀ rẹ̀: "Mà, wọ́n ní èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò ní egungun." Ìyá á dáhùn láìgbójú kúrò lára ata tó ń ṣà, ó sì máa ń gbà á. Ohun tó ń dùn ún ni pé kí ọmọ tó túmọ̀ tán, olùdíje ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ètò ti kọjá síwájú. Nígbà tó bá parí, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ bí wọ́n ṣe ń dìde: "Èmi ìbá ti mú un."

Nínú gbólóhùn yẹn ni gbogbo agbára ètò náà wà. Kò sẹ́ni tó ń retí kọ́bọ̀ nínú àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ohun tó so wọ́n mọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n gbà pé ẹni tó wà lórí àga lè jẹ́ àwọn, àti pé ohun tí wọ́n mọ̀ jọ ohun tí wọ́n ń bi í. Tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti yingin, kò sí iye mílíọ̀nù tó lè dá wọn jókòó.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbé owó ọ̀hún sórí ìwọ̀n. Ní 2009, Aroma Ufodike gba mílíọ̀nù 10 náírà lórí ètò náà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ẹ̀bùn tó ga jù níbẹ̀. Ètò náà dá ní 2017. Nígbà tí wọ́n gbé e padà ní 2022, Edoho ló tún jókòó síbẹ̀, ẹ̀bùn tó ga jù sì ti di mílíọ̀nù 20. Ìlọ́po méjì, gbogbo ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2009, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 150 náírà lọ, nítorí náà owó Ufodike súnmọ́ 67,000 dọ́là. Ní 2022, tí a bá fi iye tí Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń kéde ṣírò, tí a kò tiẹ̀ ka ti àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá títì, mílíọ̀nù 20 kò tó 50,000 dọ́là. Ní 2024, tí dọ́là ti dé nǹkan bí 1,500 náírà, mílíọ̀nù 20 kan náà ti di nǹkan bí 13,000 dọ́là. Ẹni tó bá gba 20 gba ohun tó kéré sí ti ẹni tó gba 10. Olóòtú ètò tó bá sọ pé owó ni òun yóò fi fa òǹwòran mọ́ra ń bá náírà sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè gbé e borí. Ní ọdún 2022 yẹn kan náà, Big Brother Naija ń kéde ẹ̀bùn mílíọ̀nù 100. Ẹni tó bá fẹ́ wo owó ti mọ ibi tí yóò wò sí. Ẹni tó bá fẹ́ tú owó jáde kíákíá, ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ń bẹ ní Agboju, ó ń bẹ ní Apple Junction, kò sì ní bi í ní ìbéèrè kankan kó tó gba owó rẹ̀.

Ẹ wo àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá ètò náà sílẹ̀ ní 1998. Wọ́n dá a dúró ní 2014, wọ́n gbé e padà ní 2018. Mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ni ẹ̀bùn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù kan náà ló sì jẹ́ lẹ́yìn 20 ọdún tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Wọn ò fi kọ́bọ̀ lé e. Wọn ò dá Chris Tarrant, atọ́kùn àtijọ́, padà, Jeremy Clarkson ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kún un kò ná wọn ní nǹkan: olùdíje lè bi atọ́kùn fúnra rẹ̀ léèrè, atọ́kùn á sì ro ó lójú gbogbo ayé bí ẹnikẹ́ni mìíràn, tí kò bá mọ̀ ọ́n, á sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, Donald Fear, olùkọ́ ìtàn, gba mílíọ̀nù náà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ti gbà á.

Àwọn tó ń gbèjà ojú àtijọ́ máa ń nawọ́ sí Íńdíà, mo sì gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí wọn ti lágbára jù. Kaun Banega Crorepati, ẹ̀dà tiwọn nínú ètò náà, bẹ̀rẹ̀ ní 2000 pẹ̀lú Amitabh Bachchan tó jẹ́ atọ́kùn. Ní 2007, Shah Rukh Khan ló ṣe atọ́kùn rẹ̀. Ní 2010, Bachchan padà, ètò sì gbérí. Ó dára, mo gbà pé Bachchan kì í ṣe èèyàn kékeré nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ṣe lẹ́yìn kámẹ́rà ní àsìkò kan náà? Wọ́n yí ojú sí àwọn ìlú kéékèèké. Gbogbo ìpolówó wọn ní 2011 dá lórí pé kò sí èèyàn kékeré. Ní ọdún yẹn gan-an ni Sushil Kumar, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Motihari ní ìpínlẹ̀ Bihar, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún nǹkan bí 6,000 rupee lóṣù, gba mílíọ̀nù 50 rupee. Èdè Hindi ni wọ́n fi bi í. Àwọn tó ń sọ Tamil, Telugu àti Bengali náà ní tiwọn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá wo Íńdíà tí kò rí nǹkan mìíràn ju irùngbọ̀n Bachchan lọ kò wò ó dé ìdí.

Èmi wá ń béèrè pé, ti Yorùbá ńkọ́? WNTV ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 31 oṣù Ọkitóbà 1959, òun ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà. A ti ń ṣe eré, ìròyìn àti ìjíròrò lédè wa láti ìgbà náà. Africa Magic Yoruba ti wà láti 2010. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti dé orí ètò ìdíje tó ní owó ńlá nínú, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń lò, bí ẹni pé ìmọ̀ kì í gbé inú èdè mìíràn. Àwa tí àwọn òbí wa ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún lálẹ́, tí gbogbo ọmọ ń díje láti kọ́kọ́ já a, láìsí ẹ̀bùn kankan ju oríyìn lọ! Ìyá aláta yẹn kò ṣaláìmọ ìdáhùn. Ohun tó pẹ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ni ìbéèrè. Ìpinnu ẹnìkan nínú ọ́fíìsì kan ló yọ ọ́ kúrò nínú eré, ìpinnu náà kò sì fara hàn lójú tẹlifíṣọ̀n rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Festac kì í ṣe ìlú Yorùbá nìkan. Mo mọ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni, Ìgbò pọ̀ níbẹ̀, Ègùn wà, Ìjọ́ wà, Edo wà. Ìdí nìyẹn tí ètò náà fi lè ní ju èdè kan lọ bí ti Íńdíà, kì í ṣe ìdí tí gbogbo wa yóò fi gbọ́dọ̀ fi èdè ọ́fíìsì dáhùn ohun tí a mọ̀ láti ilé.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ló kàn, òun ló sì ká mi lára jù. Àwa ará Festac ló yẹ kó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé òfin ìwọlé ló ń sọ irú ohun tí ìdíje yóò dà. Nígbà tí àjọ̀dún àṣà FESTAC, tí a fi sọ àdúgbò wa lórúkọ, parí ní oṣù Kejì 1977, àwọn ilé tó lé ní 5,000 tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò wà nílẹ̀ láìsí onílé. Gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti pín in. Wọ́n sì ṣe òfin líle mọ́ ọn kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó àti àwọn tó ti ní ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ rò ó wò. Tí wọ́n bá ti sọ pé ẹni tó bá mú owó wá jù ni yóò gbà á, ilé kan náà ni, bíríkì kan náà ni, àwọn títì tí wọ́n fi nọ́ńbà pè náà ni, ṣùgbọ́n kì bá tí jẹ́ Festac. Òfin tí wọ́n kọ sórí bébà kí gègé tó bẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí kò ní ilé rí níbi kankan ní Èkó gba kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń tà á, wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń kọ́lé sójú ọ̀nà omi, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Nínú ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n wa, àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù ti di ẹnu ọ̀nà. Ó rọrùn, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí àtẹ̀jíṣẹ́ olówó bá ti jẹ́ ọ̀nà ìwọlé, ẹni tó lè ra káàdì jù ló ń kan ilẹ̀kùn jù, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó náà kò sì ní ìdí láti dín ìkànkùn kù. Ní ibẹ̀ ni ètò ìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jọ lọ́tìrì. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní 22 oṣù Kọkànlá 2024 pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà lábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò lágbára lórí rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Abuja. Èkó ní àjọ tó ń bójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí Èkó kò lè sọ pé ètò ìdíje èyíkéyìí tó bá fẹ́ gba owó àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́wọ́ ará Èkó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà ìwọlé ọ̀fẹ́ kan, tí èèyàn yóò ti lọ jókòó kọ ìdánwò? Òfin kékeré ni, kò sì ní gba owó lápò ìjọba.

Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn èèyàn rò pé ìwé kan wà níbi kan tí wọ́n ti ń ṣà á jọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. "Ìlú wo ni ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà?" Àgbádárìgì ni, ọdún 1845 ni wọ́n parí rẹ̀, ọ̀nà tó gba iwájú Festac kọjá yìí náà ló lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá fi Kano, Jos àti Maiduguri tì í, ọmọ kékeré á mú un, kò sì ní dùn ún. Tí ẹ bá fi Abẹ́òkúta, Calabar àti Ìsàlẹ̀ Èkó tì í, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹni tó mọ ìtàn àwọn míṣọ́nárì á rántí Townsend ní Abẹ́òkúta, ọkàn rẹ̀ á pín sí méjì. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Èkó á fẹ́ gbèjà ìlú rẹ̀. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á pín sí mẹ́rin, ariwo á sọ. Ẹni tó lè kọ irú ìbéèrè yẹn ni ẹni tó mọ ohun tí àwọn òǹwòran mọ̀ àti ibi tí ìmọ̀ wọn dúró sí. Àwọn olùkọ́ girama tó wà ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí àṣìṣe tó fani mọ́ra lójú ìwé ìdánwò. Ta ló ń pè wọ́n? Wọ́n á ná ogún mílíọ̀nù lórí ẹ̀bùn tí ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má gbà, ẹni tó ń kọ ìbéèrè tí gbogbo èèyàn yóò gbọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fi owó rẹ̀ falẹ̀. Èyí kò mọ́gbọ́n dání.

Ti Family Feud, ètò ìdíje àwọn ìdílé, tiẹ̀ tún hàn gbangba jù. Bisola Aiyeola ló ń tọ́kùn ti Nàìjíríà láti 2022, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo ètò yẹn dúró lórí ìdáhùn 100 èèyàn tí wọ́n ti bi léèrè kí kámẹ́rà tó tàn. Òtítọ́ kọ́ ni wọ́n ń wá níbẹ̀, ohun tí àwọn 100 yẹn sọ ni. Ta ni wọ́n, nígbà náà? Tí wọ́n bá béèrè pé kí ni èèyàn kọ́kọ́ ń wò tó bá fẹ́ yá ilé, ará Lekki á sọ tirẹ̀, ará Festac á sọ pé omi òjò, ará Satellite Town á sọ pé ọkọ̀ táńkà. Ìdílé tó bá wá láti ọ̀dọ̀ wa lè fi òótọ́ inú dáhùn kí ó sì pàdánù, nítorí pé kò sí ìkankan nínú 100 náà tó ti dúró rí ní Mile 2 lásìkò òjò. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ ọ́ sí ìparí ètò, kí gbogbo wa kà á, ibi tí wọ́n ti bi àwọn èèyàn náà léèrè.

Nípa ìkànnì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ètò ìdíje Gulder Ultimate Search bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ó dá ní 2014, wọ́n sì gbé e padà ní 2021, ó ń jáde lórí Africa Magic àti Showmax. Láyé àkọ́kọ́, eriali orí òrùlé tó. Ní 2021, ẹni tí kò bá san owó dìkódà lóṣù yẹn, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní àwọn èèyàn kò wò ó mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa ń fọ̀: onígbọ̀wọ́ ló ń sanwó, ohun tí onígbọ̀wọ́ bá fẹ́ la ó ṣe, onígbọ̀wọ́ sì fẹ́ owó ńlá àti ojú tí èèyàn mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ronú ní Amẹ́ríkà láàárín 1955 sí 1958. Revlon ló ń gbọ̀wọ́ ètò ìdíje The $64,000 Question, Geritol ló ń gbọ̀wọ́ Twenty-One. Ní ìparí 1956, wọ́n sọ fún Herbert Stempel, tó ti ń borí lórí Twenty-One, pé kí ó mọ̀ọ́mọ̀ kùnà, kí Charles Van Doren, olùkọ́ yunifásítì tó rẹwà tí òǹwòran yóò fẹ́ràn, lè gba ipò rẹ̀. Wọ́n ti fún Van Doren ní ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Ní 1959, ó jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ètò ìdíje olówó ńlá fi ọ̀pọ̀ ọdún sọnù lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, wọ́n sì ní láti ṣe òfin ní 1960 tó sọ irú màgòmágó bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn. Ojú tó wuni àti owó tó ga ni wọ́n ń lé nígbà tí wọ́n jìn sí ọ̀fìn yẹn. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé onígbọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ ní ìjókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ń yan olùdíje àti ìbéèrè, kí wọ́n sì fi ìyẹn sínú ìwé àdéhùn kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ó ku àwọn tó ń sọ pé ọ̀dọ́ òde òní kò fẹ́ ìmọ̀ mọ́, pé fídíò kéékèèké àti tẹ́tẹ́ ló kù tí wọ́n mọ̀. Mo bá àwọn ọ̀dọ́ yìí gbé. Ọmọkùnrin tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní Agboju lè ka iye góòlù tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan gbá wọlé nílé àti lóde fún sáà mẹ́ta, á sì fi orí ṣírò ohun tí 200 náírà rẹ̀ yóò dà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà bá jẹ bí ó ti rò. Ìmọ̀ nìyẹn, ìṣirò sì ni. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ni ó rí pé ọmọ náà ní orí pípé, òun ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún un nígbà tí gbogbo ẹlòmíràn ń sọ pé kò fẹ́ kàwé. Àwọn tó ń múra láti gbé ètò ìdíje mìíràn padà lè gba ilẹ̀kùn yẹn lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá fẹ́. Kí wọ́n yọ mílíọ̀nù méjì péré kúrò nínú ẹ̀bùn. Kí wọ́n fi gba gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Festac ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n tẹ ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì lẹ èsì mọ́ ògiri kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí wọ́n bá ṣe é tí èrò kò wá, kí wọ́n wá sọ fún mi pé owó ni àwọn èèyàn ń fẹ́.